“Àjẹsanra” kọ́: èsì lórí ìsanrajù, jíìnì àti àjogúnbá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀rọ̀ tí arábìnrin wa nọ́ọ̀sì gbé wá láti Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ dá sí. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tí wọ́n máa pín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ilé ìwòsàn. Ìwé náà dá lé sísanra kọjá bó ṣe yẹ, ó sì sọ níbì kan pé jíìnì, ìyẹn ìlànà inú ara tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, wà lára ohun tó ń fà á. Ó wá béèrè orúkọ tí a lè pe ipò ara yìí, ohun tí a lè pe jíìnì, àti bí a ṣe lè sọ ọ́ pé nǹkan náà lè ti ara òbí wá láìjẹ́ kí ẹni tó kà á sọ ìrètí nù.

Bàbá wa, àgbà olùkọ́ èdè, ló kọ́kọ́ fèsì:

> “Àjẹsanra” ni. Ẹni tí kò bá jẹun kò lè sanra. Kí la tún ń wá kiri?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Akẹ́sàn kò gbà. Ó ní “àrùn ìdílé” ni kí wọ́n kọ, torí kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò wa kan mú “àsanjù” wá, ó ní ó bá “àjẹjù” àti “àmujù” rìn. Ẹnì kan tún fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ló yẹ kó mọ ohun tí àjẹsanra ń jẹ́. Kò burú. Mo ti jẹ ọkà tèmi, ẹ̀kọ ni mò ń mu lọ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá, “àjẹsanra” ní àléébù kan tó hàn gbangba. Ilé ìwòsàn tí ìwé yìí ń lọ ni àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn. Bí wọ́n bá tẹ ìwé náà láìfi àmì ohùn sí i, tí a sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́, “ajesara” àti “ajesanra” á wá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ síra. Ẹ ro ti gbogbo àhesọ tí abẹ́rẹ́ ti jẹ nílẹ̀ yìí. Ṣé a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa dá òmíràn sílẹ̀, pé abẹ́rẹ́ ló ń mú ọmọ sanra? Bó bá jẹ́ èyí nìkan ni ẹ̀sùn rẹ̀, n bá ti wọ́gi lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wúwo jù ṣì wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà dá ẹjọ́ kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjẹjù, àjẹkì, àjẹìwẹ̀yìn: kò sí èyí tí a ń fi yin ènìyàn nínú wọn. Ẹni tí a bá pè ní alájẹsanra, a ti sọ fún un pé ọ̀fun rẹ̀ ló kó bá a. Ìwé tí arábìnrin wa ń túmọ̀ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Ní 1990, Claude Bouchard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin 24 ni wọ́n kó jọ, ìbejì méjì méjì ní ọ̀nà 12, gbogbo wọn sì jẹ́ irú ìbejì tó pín láti ara ẹyin kan ṣoṣo. Wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tó fi 1,000 kálórì (òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ) lé ní ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ lóòjọ́, fún ọjọ́ 84. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí Bàbá ti wí, ó yẹ kí ìwọ̀n tí wọ́n fi kún ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara dọ́gba, torí àlékún kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sanra kéré jù fi kílò 4.3 kún ara, ẹni tó sanra jù fi 13.3 kún un. Àmọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í jìnnà síra wọn: bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ kún un, èkejì náà á fi púpọ̀ kún un, ibi tí ọ̀rá gbé ń kóra jọ sí lára wọn pàápàá a máa jọra.

Bàbá, mi ò bá yín jiyàn pé ẹni tí kò jẹun kò ní sanra. Òótọ́ tó kan gbogbo ayé ni, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ fún wa ìdí tí ẹnì kan fi fi mẹ́rin kún ara tí ẹnì kejì sì fi mẹ́tàlá kún un lórí oúnjẹ kan náà.

Ó tún kù. Ṣé a ti wo “sanra” fúnra rẹ̀ dáadáa? Lójú tèmi, “sàn” àti “ara” ló so pọ̀ di “sanra”. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: rà ló di ra nínú “ra iṣu”, gbà ló di gba nínú “gba owó”. “Sàn” inú “àìsàn” ló wà nínú “sanra” náà. Ẹni tó sanra, ara rẹ̀ sàn ni. Ìyẹn ni inú ẹni tó ti àjò dé fi ń dùn tí wọ́n bá kí i pé “O ti sanra o!”, tí ọkàn rẹ̀ sì ń dàrú tí wọ́n bá bi í pé kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tó fi ru báyìí. Sanra àti àìsàn wá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Nítorí náà bí a bá kọ “àìsàn sísanra” sára ògiri, ìyá àgbà tó bá kà á á kàn rẹ́rìn-ín ni. “Jù” ni yóò gbé ẹrù yìí. Ara ti sàn, ó wá sàn kọjá ààlà: ìsanrajù. Ohun tí mo fara mọ́ nìyẹn. Kò ṣòro láti pè, kò bú ẹnikẹ́ni, ẹnu wa sì ti ń sọ “ó ti sanra jù” tẹ́lẹ̀.

Àbúrò wa tó mú “àsanjù” wá, ìlànà tí o tẹ̀lé tọ́, ọ̀rọ̀ tó bí ni kò bọ́ síbi tó yẹ. Bí o bá ti yọ “ara” kúrò, “san” ti owó ló kù létí aráyé. Ẹni tó bá rí “àsanjù” ní ilé ìwòsàn á rò pé wọ́n fẹ́ dá ṣéńjì òun padà, yóò sì dúró gbà á.

“Ọ̀rọ̀bọ̀” àti “lẹ́pa” tí àwọn kan mẹ́nu bà, orúkọ ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ipò ara. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro.

Ó wá ku “àrùn ìdílé”. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láàárín wa. Kí ẹbí tó gba ẹbí ní àna, alárinà á ti lọ wádìí: ṣé wàrápá ò sí níbẹ̀, ṣé wèrè ò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí níbẹ̀? Ìwádìí yẹn ni “àrùn ìdílé” ń gbé wá sọ́kàn. Bí a bá fi orúkọ náà pe ìsanrajù nínú ìwé ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan á wà tí wọn ò ní fẹ́ mọ́ torí pé ìyá rẹ̀ tóbi. Ṣé ohun tí ìwé náà ń wá nìyẹn?

“Àrùn ìdílé” kò sì ṣe déédéé níbi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn jù. Kí ni ìdílé nínú Yorùbá? Baálé wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó tó wá láti ilé ibòmíràn wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí wà níbẹ̀, ọmọ àgbàtọ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan. Bí gbogbo wọn bá sanra, ta ló máa mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ìkòkò? Ohun tí Albert Stunkard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1986, wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ àgbàtọ́ 540 ní Dẹ́nmáàkì, tí gbogbo wọn ti di àgbà. Wọ́n fi títóbi wọn wé ti òbí tó bí wọn, wọ́n tún fi wé ti òbí tó tọ́ wọn. Ti àwọn tó bí wọn ló jọ ti wọn. Ti àwọn tó tọ́ wọn kò bá tiwọn tan rárá. Ẹni bíni là á jọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: “ìdílé” kó òbí tó bíni àti òbí tó tọ́ni sínú àpò kan, nígbà tó jẹ́ pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni gbogbo kókó ìwádìí náà. “Àjogúnbá” ló sàn jù, torí ọmọ àgbàtọ́ kì í jogún ẹ̀jẹ̀ ẹni tó tọ́ ọ.

Ẹ má sì jẹ́ ká lo “àbímọ́” àti “àjogúnbá” bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Prader-Willi. Ọmọ tó ní in, apá kan lára krómósómù 15 (krómósómù ni okùn tín-ín-rín tí àwọn jíìnì tò sí nínú ara) tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá ni kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ó sábà jẹ́ pé ó já dànù ni. Ní ìkókó, ara rẹ̀ a rọ̀ jọ̀gbọ̀, kò ní lè fa ọmú dáadáa. Bó bá ṣe díẹ̀, ebi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á ní àpatúnpa, kò sí ohun tó lè jẹ tó máa yó, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Àìsàn jíìnì ni, àbímọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, bàbá kò ní in, ìyá kò ní in. Ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní ìpìlẹ̀ oyún ni. A bí i mọ́ ọmọ náà, kò jogún rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé àjogúnbá ni, ìjà ló dá sílẹ̀ láàárín tọkọtaya lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lórí jíìnì fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́. Àwọn kan fẹ́ “àbùdá”, ṣùgbọ́n a ti ń sọ àbùdá ewì, àbùdá èdè, àbùdá ènìyàn. Àbùdá ni èyí tí ojú rí, jíìnì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú ò dé. Bí a bá pe méjèèjì ní orúkọ kan, a ò ní lè sọ pé jíìnì kan ló fa àbùdá kan. Jíìnì kò ṣòro fún ẹnu Yorùbá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo gbólóhùn tí arábìnrin wa fi ránṣẹ́, torí òun ló lè jùlọ nínú gbogbo rẹ̀:

> Ìdá 40 sí 70 nínú 100 ìsanra ènìyàn jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀.

“Ogún” tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 40 àti 70 yìí, ẹlòmíràn á kà á sí ìlàjì ogójì. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà kẹta ti wọ inú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ohun tí gbólóhùn náà sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á á gbà pé nínú 100 kílò òun, nǹkan bí 70 jẹ́ ti bàbá òun, 30 tó kù ni òun fi ẹnu ara òun jẹ. Ìṣirò yẹn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbé irú ayé kan náà ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì béèrè pé: báwo ni èyí tí jíìnì lè ṣàlàyé nínú ìyàtọ̀ yìí ti pọ̀ tó? Bí ayé tí wọ́n ń gbé bá yí padà, ìdáhùn náà lè yí padà.

Igbó-Ọrà ló yẹ kó yé wa jù, ìlú ìbejì tó wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Richard Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀, wọ́n lọ sí Ìbàdàn, wọ́n dé Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, Saint Lucia, Barbados, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń wá, ní 1997 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní orírun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ara àwọn èèyàn wọ̀nyí fúyẹ́ jù lọ́dọ̀ tiwa, ó ń wúwo sí i bí a ṣe ń kọjá àwọn erékùṣù, ó sì wúwo jù ní Amẹ́ríkà. Ìran díẹ̀ ló wà láàárín ẹni tí wọ́n kó sọdá òkun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Maywood, jíìnì ò lè yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Oúnjẹ ló yí padà, iṣẹ́ tí apá ń ṣe ló yí padà, ọkọ̀ ló rọ́pò ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wọ inú Igbó-Ọrà nìkan, níbi tí gbogbo wọn ti ń jẹ ohun tó fara jọra tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tó fara jọra, Táíwò àti Kẹ́hìndé á ṣì jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Òótọ́ méjèèjì kò pa ara wọn. Mo dábàá “ìwọ̀n ìyàtọ̀ àjogúnbá” fún ìṣirò náà. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n “ìyàtọ̀” ni ọkàn rẹ̀, bí a bá yọ ọ́ a ti purọ́. Nínú ìwé pélébé, n ò ní lo nọ́ńbà kankan rárá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi lẹ́pítìnì, ohun kan tí ọ̀rá ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, torí ẹnì kan pè é ní “amúniyó”, ó sì dùn létí débi tí àwọn mẹ́ta fi gbà á láìbéèrè.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ eku. Ní 1949, nínú ilé ìwádìí Jackson ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí eku kan tó ń sanra ṣáá tí kò sì yé jẹun. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n tún rí irú mìíràn tó sanra bíi ti àkọ́kọ́, tí ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá jà. Douglas Coleman wá rán eku pọ̀ mọ́ eku, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè máa ṣàn dé ara èkejì. Nígbà tó rán irú àkọ́kọ́ mọ́ eku tí ara rẹ̀ dá ṣáká, eku tó sanra dín oúnjẹ kù. Nígbà tó rán irú kejì mọ́ eku tó dá ṣáká, èyí tó dá ṣáká ló kọ oúnjẹ títí ebi fi pa á kú, tí èyí tó sanra sì ń jẹ tirẹ̀ lọ. Coleman ní ohun tó yé òun ni pé irú àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Irú kejì ní in ní àníjù, kò kàn gbọ́ ohun tó ń sọ ni. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1994, kí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller tó rí jíìnì tí ara fi ń ṣe nǹkan náà. Lẹ́pítìnì, orúkọ tí nǹkan ọ̀hún ń jẹ́ báyìí, wá láti inú èdè Gíríìkì, níbi tí “leptos” ti túmọ̀ sí tín-ín-rín.

Ọ̀rá ló ń ṣe é. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó lára ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, apá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló sì ń gbà á. Ohun tó ń sọ fún ọpọlọ kò ju pé: àká kún, tàbí pé: àká ti ń gbẹ o. Yíyó tó ń yó wa lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ohun mìíràn tó ti inú ìfun wá ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Fún ìdí èyí “amúniyó” kò bá a mu. Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ tó dúró de iṣẹ́ yìí: àrokò. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí ìlú tó jìnnà ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ààfin kí ọba lè mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń fi lẹ́pítìnì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àrokò-ọ̀rá ni mo pè é. Ẹ wo bó ṣe ṣàlàyé eku méjèèjì: àkọ́kọ́ kò rí àrokò rán, ààfin rò pé ìyàn mú, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa kó oúnjẹ wọlé. Ti èkejì, àrokò ń dé wìtìwìtì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà nínú ààfin.

Ènìyàn náà wà tí ó rí bíi ti eku àkọ́kọ́. Ní 1997, àwọn olùwádìí ní Cambridge ròyìn ọmọ méjì kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí ẹbí wọn wá láti Pakistan. Ara wọn kò lè ṣe lẹ́pítìnì. Nígbà tí wọ́n ń gún ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ebi rọlẹ̀, ó sì fi kílò tó lé ní 16 fúyẹ́ láàárín ọdún kan. Ọmọ tí gbogbo ayé á ti bú ní ọ̀jẹun nìyẹn. Àwọn tó rí báyìí kò wọ́pọ̀ rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìsanrajù tó ti ara jíìnì kan ṣoṣo wá ni ti jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní MC4R, tí wọ́n rí lára ènìyàn ní 1998, ó sì wà nísàlẹ̀ ọ̀nà kan náà yìí, láàárín ọpọlọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jùlọ àwọn tó ní ìsanrajù, lẹ́pítìnì kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́fọ́, ìyẹn ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ bi “amúniyó” pé báwo ló ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì yó.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ “jíìnì ìsanra” náà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Kò sí jíìnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ènìyàn sanra. Ní 2007 ni wọ́n rí i pé ẹ̀dà kan, ìyẹn ìyàtọ̀ kékeré, tó wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní FTO wọ́pọ̀ lára àwọn tó tóbi. Ẹni tó gba ẹ̀dà náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá fi nǹkan bíi kílò mẹ́ta wúwo ju ẹni tí kò ní in rárá. Kílò mẹ́ta péré. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún jíìnì yìí, “Fatso”, èébú ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Jíìnì náà gùn ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kan ìsanra, kí wọ́n tó wá tún un sọ. Nígbà tó sì di 2014 àti 2015, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn jíìnì mìíràn tó jìnnà sí i, IRX3 àti IRX5, ni ẹ̀dà náà ń darí. Ta ni jíìnì ìsanra níbẹ̀? Ìwádìí kan ní 2018 tó kó nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùndínlógójì ènìyàn pọ̀, ìyẹn 700,000, rí ibi tó lé ní 900 lórí àwọn krómósómù tó ń kan ìwọ̀n ara, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá sí i. Àwọn aláwọ̀ funfun ló sì kún inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ tí Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àgbà wọn, ròyìn ní 2017 pé ẹ̀dà kan nínú jíìnì SEMA4D wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn ò sì rí i lára àwọn ará Yúróòpù. Òun náà kò fi ju bíi kílò mẹ́ta kún ara ẹni tó ní in. Mo fẹ́ kí a máa sọ “jíìnì tó ń kan ìwọ̀n ara”, kí a sì pín ìsanrajù sí “oníjíìnì kan” àti “ọlọ́pọ̀ jíìnì”.

“Jíìnì ahun” tí ẹnì kan fi túmọ̀ èrò James Neel, onímọ̀ jíìnì ará Amẹ́ríkà, ti 1962, pé ara àwọn baba ńlá wa kọ́ láti máa tọ́jú ọ̀rá de ìgbà ìyàn, pa mí lẹ́rìn-ín. Ahun kì í fún ẹlòmíràn ni, ẹni tí Neel ń sọ ń tọ́jú de ọ̀la. “Jíìnì afipamọ́” tó. Èrò náà fúnra rẹ̀ ṣì ń fa awuyewuye, kò tọ́ sínú ìwé pélébé.

Arábìnrin wa, ohun tí mo rò pé ẹ lè kọ síbẹ̀ nìyí:

“Ìsanrajù ni kí ọ̀rá pọ̀ lára débi tó lè ṣe ìlera ní jàǹbá. Oúnjẹ wa, iṣẹ́ tí à ń fi ara ṣe, oorun wa àti àwọn jíìnì tí a jogún ló pawọ́ pọ̀ fà á. Ẹni méjì lè jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà kí ọ̀kan tètè sanra ju èkejì lọ, torí jíìnì wọn kò rí bákan náà. Ẹ má ṣe fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ yín bá ń sanra lọ́nà tó yá jù láti kékeré, tí ebi rẹ̀ kò sì ṣeé tẹ́ lọ́rùn, ẹ gbé e wá kí dókítà wò ó.”

Ó ku ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ti sanra jù, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní BMI, èyí tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ́mù, ló ti gbé e jáde láti ọdún 1832: kílò ènìyàn, tí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín lẹ́ẹ̀méjì. Ẹni tó bá wọn kílò 90, tó sì ga ní mítà 1.70, á ní nǹkan bí 31. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ń kà sí ìsanrajù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní “òṣùwọ̀n ọ̀rá” bí ẹnì kan ṣe dábàá, torí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Alápatà tí apá rẹ̀ le bí igi lè ní 31 láìní ọ̀rá púpọ̀ lára. “Ìwọ̀n ara sí gíga” ni mo ní lọ́wọ́ báyìí, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí gíga lẹ́ẹ̀méjì ni wọ́n fi ń pín in. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ kó mú un wá kí wọ́n tó gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.